Orúkọ tí a fẹ́ pa rẹ́, àti kánífà tí a lọ wò ní Pópó Àgùdà

Ọ̀rọ̀ òní gùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkánjú kà á. Àṣìṣe tiwa fúnra wa wà nínú rẹ̀, a sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ẹ rántí ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí a ṣe ṣáájú Ọdún Àjíǹde, èyí tó dá lórí ìpìlẹ̀ ìdílé. A gbàdúrà gan-an lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ bá ní Ifá tàbí Ògún nínú, a ní kí ó jáde síwájú. Arábìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa níbí. Orúkọ Potogí ni ìdílé wọn ń jẹ́. A pe òun náà jáde. A ní orúkọ olówó ẹrú nìyẹn, pé àjàgà ni, kí ó bọ́ ọ sọnù. A ò bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó sunkún. Àwa sì rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń ṣiṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni bàbá rẹ̀ pè wá lórí fóònù. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọn ò pariwo, wọn ò sì bú wa. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Kí ẹ tó pa orúkọ wa rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí wa ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Kánífà la ó máa ṣe."

Kánífà kẹ̀? Àwa tí a ti wàásù lórí pẹpẹ pé kí ọmọ Ọlọ́run má ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń da aṣọ borí jó? Ṣùgbọ́n Màmá ìjọ sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Ẹ ti dájọ́. Ẹ lọ gbọ́ ẹjọ́ báyìí."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọ bọ́ọ̀sì ìjọ ní Joju láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé Àjíǹde: Màmá ìjọ, àwọn alàgbà méjì, àwọn ọ̀dọ́, àti arábìnrin náà. Alàgbà kan kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní fi ojú tí òun fi ń ka Bíbélì wo eégún. A ò fi agbára mú un. A gba Tollgate, a gba Abúlé Ẹ̀gbá, Ìyánà Ìpájà àti Òṣòdì. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Ẹni tí kò bá mọ àdúrà gbà tẹ́lẹ̀ á mọ̀ ọ́n kó tó débẹ̀.

Inú bọ́ọ̀sì ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ ti bi wá pé, "Sà, ta ni wọ́n ń pè ní Àgùdà gan-an? Ṣebí àwọn Kátólíìkì ni?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ẹ jẹ́ ká dáhùn rẹ̀ níbí, torí bí ẹ kò bá mọ ìyẹn, ẹ ò ní mọ ohun tí a lọ wò.

Bí a bá sọ pé "tòkunbọ̀" ní Joju, mọ́tò ni ọkàn wa máa ń lọ bá, tàbí fíríìjì. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò tó wà rárá, orúkọ ènìyàn ni: Tòkunbọ̀, ẹni tó ti òkun bọ̀. Títí di òní, òpópónà kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń jẹ́ Tokunboh Street, àárín àdúgbò Àgùdà ló wà. Àwọn Àgùdà ni tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí Èkó rí láti Bràsíl, àwọn kan sì wá láti Cuba.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ọ̀hún? Ẹ mọ ìtàn náà. Ogun tú Ọ̀yọ́ ká, ogun fọ́ Òwu, ọmọ ènìyàn sì di ọjà. Wọ́n ń kó wọn gba Èkó, Àgbádárìgì àti Ouidah lọ sórí omi. Nínú gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n kó ẹrú Áfíríkà lọ, Bràsíl ló gbà jù: iye àwọn tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ láàyè lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin láàárín nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́ta. Ìpínlẹ̀ Bahia, ní ìlú Salvador, ni àwọn tiwa pọ̀ sí jù. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Àwọn obìnrin wa ń kiri àkàrà ní ìgboro Salvador, wọ́n ṣì ń dín in níbẹ̀ dòní, acarajé ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: "àkàrà" àti "jẹ" ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká rántí ẹnì kan níbí. Wọ́n mú Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, ní ọdún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ Potogí kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì tí gbogbo wa ń kà. Bí ọkọ̀ ogun yẹn bá pẹ́ díẹ̀ sí i ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí Àjàyí wọ Bràsíl, kó sì gba orúkọ Potogí bíi ti ìdílé arábìnrin wa. Ṣé a ó ní kí òun náà jáde síwájú?

Àwa ará Ọ̀tà pàápàá, ẹ má jẹ́ ká gbàgbé. James White, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìhìnrere ní Ọ̀tà ní ọdún 1854, Sàró ni. Ọ̀dọ̀ àwọn tí a gbà kúrò lóko ẹrú ni ìhìnrere ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bahia. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú dìde ní Salvador. Mùsùlùmí ló ṣíwájú wọn, Yorùbá ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ wa "ìmàle" nìyẹn. Ìjọba ṣẹ́gun wọn. Wọ́n pa àwọn kan, wọ́n na àwọn kan, wọ́n lé àwọn kan kúrò nílùú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin pé ẹni tí a bí ní Áfíríkà, bó tilẹ̀ ti gba òmìnira, kò gbọ́dọ̀ ra ilé tàbí ilẹ̀ mọ́ ní Bahia, yóò sì máa san owó orí lọ́dọọdún. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti sọ pé, ó tó, ilé yá. Wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n gúnlẹ̀ sí Agoué, Ouidah, Pọ́tónófò àti Èkó.

Èkó kò kọ́kọ́ gbà wọ́n tọwọ́-tẹsẹ̀. Wọ́n ja àwọn kan lólè ní èbúté. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, tí wọ́n sì dá Ọba Akíntóyè padà, ni ọkàn wọn tó balẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1853, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kọ̀wé pé ìdílé wọn ti tó nǹkan bí 130. Wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, ibẹ̀ là ń pè ní Pópó Àgùdà. Nígbà tí Bràsíl fòpin sí oko ẹrú pátápátá ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888, àjọyọ̀ ńlá ni wọ́n ṣe ní Èkó.

Ó dáa. A dé Ìsàlẹ̀ Èkó ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. A fẹsẹ̀ rìn kọjá níwájú kàtídírà Holy Cross. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ àwọn bíríkìlà Àgùdà ló ti jáde. Ẹ sì gbọ́ èyí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọ: kí àlùfáà kankan tó wá gbé Èkó, ẹrú kan tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ wọn, tó ń sìnkú wọn. Kò gba oyè àlùfáà. Wọ́n kàn ń pè é ní Padre ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ò lè ṣiṣẹ́ Olúwa torí ẹ ò tíì lọ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ ti gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894: Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Kátólíìkì kọ́lé fún Mùsùlùmí, wọn ò bá ara wọn jà. Ní Kakawa, Ilé Omi ti ìdílé da Rocha wà níbẹ̀. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n kó o lọ ní kékeré, ó sì padà bọ̀. Wọ́n gbẹ́ kànga sínú ilé náà, wọ́n ń ta omi fún aráàlú. Ẹ wo orúkọ yẹn: Esan wà níbẹ̀, da Rocha náà wà níbẹ̀. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Bàbá ti jókòó sí iwájú ilé nígbà tí a dé. Àwọn ọkùnrin wa dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀. Wọ́n súre fún wa. Wọ́n gbé frejon wá, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Oúnjẹ Ọjọ́ Ẹtì Rere ni, wọ́n ti tọ́jú ti wa dè wá. A jẹun tán, Bàbá wá kọjú sí wa.

"Pásítọ̀, ta ló rà yín padà?"

"Jésù ni, sà."

"Kí ló fi rà yín?"

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó dáa. Bàbá bàbá mi ra ara rẹ̀ padà. Àárù ló rù ní Bahia kí ó tó rówó náà. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé òmìnira rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ̀rí wo ló kù pé a ti san owó náà tán?"

Ẹ̀yin ará, a ò rí èsì fọ̀. Arábìnrin wa ń wo ilẹ̀.

Ohun tí Bàbá sọ yìí, ìtàn jẹ́rìí sí i. Bí a ṣe ń dá èsúsú ní ọjà Sáńgò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú ní Salvador ṣe ń dá owó jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń kó o fún ara wọn níkọ̀ọ̀kan láti fi ra òmìnira. Ẹni tó rú ẹrù, ẹni tó ta àkàrà, ẹni tó rán aṣọ, wọ́n fi sílè kọ̀ọ̀kan gba ara wọn. Òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ olówó ẹrú ni orúkọ náà ti wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, orúkọ ẹni tó bọ́ ni.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìlù bẹ̀rẹ̀. A tẹ̀lé Bàbá lọ sí Campos Square. Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Fanti. Kì í ṣe àwọn Fante ti Gánà o. Ọ̀pọ̀ tó mọ̀ nípa rẹ̀ gbà pé "fantasia" ti èdè Potogí ni, aṣọ àrà tí wọ́n ń wọ̀ sóde eré. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀: Campos, Láfíàjí, Òkè Pópó, Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Ọlọ́wọ́gbowó. Aṣọ tó ń dán, fìlà onígẹ̀rẹ́ ńlá, fèrè idẹ, ọmọdé, ìyá àgbà, gbogbo wọn ń jó lọ. Ìlù sámbà onígun mẹ́rin tí ẹ mọ̀ yẹn náà wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ ìtàn orin jùjú sọ pé ọ̀dọ̀ Àgùdà ló ti wọ Èkó. Àwa tí a ti ń lù ú ní ìṣọ́ òru, ta ló bi í léèrè ibi tó ti wá?

Ẹni tó da aṣọ borí ńkọ́? Kareta ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ Potogí fún ojú tí a fún pọ̀ tàbí ìbòjú ni. A wò ó dáadáa, torí ohun tí a bá lọ nìyẹn. A ò rí ẹbọ, a ò rí orò. Obìnrin kan ṣí ìbòjú ọmọ rẹ̀ sókè, ó nu òógùn rẹ̀, ó fún un lómi mu, ó sì dà á bò ó padà. Eégún wo ni ìyá rẹ̀ ń nu òógùn fún lójú títì?

Wọ́n tún ní eré màlúù kan, Boi, tí wọ́n mú bọ̀ láti Bràsíl. Nínú ìtàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, màlúù kú, wọ́n sunkún, ó sì tún dìde. Ní Pọ́tónófò àti Ouidah, Bourian ni wọ́n ń pe irú eré tiwọn, wọ́n sì máa ń ṣe é ní oṣù kìíní nígbà ọdún Bonfim.

Ohun kan gbà wá lọ́kàn níbẹ̀. Ní Bràsíl, kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe kánífà. Èyí tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní Rio, tí àwọn ẹgbẹ́ sámbà ti ń bá ara wọn díje láti ọdún 1932, ìdágbére fún jíjẹ-mímu ni. Ní Salvador, àwọn ọmọ Adúláwọ̀ dá ẹgbẹ́ kánífà tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1974, wọ́n sọ ọ́ ní Ilê Aiyê. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i: ilé ayé! Èdè wa ni. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ìgbà Kérésì, ọdún tuntun àti Àjíǹde ni wọ́n ń jó. Ẹni tó wà lóko ẹrú ń jó kí ìyà tó dé. Ẹni tó ti padà bọ̀ ń jó lẹ́yìn ìyà. Àwa la rò ó bẹ́ẹ̀ o, a ò sọ pé Bàbá ló sọ ọ́.

A ò ní purọ́ fún yín. Ọtí wà níbẹ̀, ó pọ̀. Aṣọ àwọn kan kò bo ara. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ariwo ń pọ̀ sí i, a kó àwọn ọ̀dọ́ wa kúrò. A ò ní kí ẹ sọ kánífà di ìpàdé ìjọ. Ohun tí kò yẹ ọmọ Ọlọ́run, kò yẹ ẹ́, ì báà jẹ́ ní Èkó, ì báà jẹ́ ní ibi ìgbéyàwó ní Sáńgò níbí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó mutí yó ò sọ ẹ̀rí bàbá ńlá rẹ̀ di irọ́.

Nígbà tí a ń bọ̀, a gba Tinúubú kọjá. Ilé kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ilojo Bar, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Inú bọ́ọ̀sì dákẹ́ nígbà tí a ń sọ ìtàn yẹn. Màmá ìjọ ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa. Wọ́n ní, "Àwọn yẹn wó ilé. Àwa fẹ́ wó orúkọ."

Nígbà tí a délé, a ṣí Bíbélì. Ẹ lọ ka Ẹ́sírà orí kejì. Kí ló wà níbẹ̀? Orúkọ ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ àwọn ìdílé tó ti ìgbèkùn Bábílónì padà bọ̀, àti iye wọn. Lọ́dọọdún la máa ń fo orí yẹn kọjá torí a rò pé kò sí ìbùkún nínú rẹ̀. Nehemáyà tún kọ àkọsílẹ̀ náà ní orí keje. Ọlọ́run fẹ́ kí orúkọ àwọn tòkunbọ̀ wà nínú ìwé.

Ẹ sì wo Ẹ́sítérì. Hadassa lorúkọ tí ilé fún un. Ẹ́sítérì, orúkọ ilẹ̀ àjèjì ni. Módékáì, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní orúkọ òrìṣà Bábílónì wà nínú rẹ̀. Àpólò, oníwàásù tó gbóná yẹn, orúkọ òrìṣà àwọn Gíríìkì ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, Pọ́ọ̀lù ò sì ní kí ó lọ yí i padà kí ó tó wàásù. Mélòó ni Ẹ́sítérì tó wà nínú ìjọ wa? Ta ló pè wọ́n síwájú?

Bí Ẹ̀mí bá darí ẹnì kan láti yí orúkọ rẹ̀ padà, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa ò ní pa á láṣẹ mọ́ láì kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ìtàn ìdílé náà. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìrìn àjò yẹn, a kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, a bẹ arábìnrin wa, a sì fi fóònù bẹ Bàbá níṣojú gbogbo ènìyàn. Arábìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan péré. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Mi ò bá má mọ ohun tí mo máa sọ fún àwọn ọmọ mi." Alàgbà wa tó kọ̀ láti lọ, kò tíì gbà pẹ̀lú wa títí di òní. A ò bá a jà. A ṣì ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kan là ń bẹ̀ yín fún lọ́sẹ̀ yìí. Bí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà yín bá ṣì wà láàyè, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí orúkọ yín ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ, àti ohun tó la kọjá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ tán kí ẹ tó gbàdúrà lé e lórí.

Olúwa tó mú àwọn tó wà ní ìgbèkùn padà bọ̀ yóò mú gbogbo ọmọ wa tó wà lókè òkun, àti àwọn tó wà lójú aṣálẹ̀ Líbíà, padà délé ní àlàáfíà. A ò ní sunkún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dé, a ó jó, orúkọ wọn kò sì ní parẹ́. Ní orúkọ Jésù.

Ẹni tó bá gbà á, kó ṣe Àmín, kó sì fi ránṣẹ́ sí Tòkunbọ̀ kan tó mọ̀.